Aṣọ Ìyá Zoe Lára Fọlá

Níwájú Fọlá, Ìbàdíàrán ni mò ń pè é. Ìyàwó ilé ni mí, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn l'Ékìtì kí n tó mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, mo ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti jẹ ìrẹsì rẹ̀ tí kò níyọ̀, mo sì ní ó dùn. Ṣùgbọ́n kò sí níbi tí a wà yìí. Fọlá ni orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀ kí ara tù mí.

Òun ni àkọ́bí ilé ọkọ mi. Sylvanus ló tẹ̀lé e, ọkọ tèmi, Adédèjì, ló ṣìkẹyìn. Sylvanus yìí, bí ikọ́ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, yóò kọ́kọ́ wojú Fọlá kó tó wúkọ́. Ohun kan ṣoṣo tó dá ṣe láyé rẹ̀ ni pé ó fẹ́ obìnrin tí Fọlá kò bá a yàn. Obìnrin náà wá láti orílẹ̀-èdè Guatemala, láti ìlú orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Chichicastenango. Àwọn Maya ni àwọn èèyàn rẹ̀, Tomasa ni wọ́n sì sọ ọ́. Nígbà tó bí Zoe, ó di Ìyá Zoe fún gbogbo wa, àfi Fọlá. Mexico ni Fọlá ń pè é. Mexico, gbé omi wá. Mexico, kí ni kò jẹ́ kí o tètè dé? Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé Guatemala ni, ó ní ṣé ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọ́ ni wọ́n wà. Bí ẹ bá pe Fọlá fúnra rẹ̀ ní ará Kútọnu, wọn yóò gbọ́ ìjà yín dé Romford.

Ìyá Zoe ni ìyálé mi, nítorí ó ti wà nílé ọkọ kí n tó dé. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá ń jẹun ní pálọ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ Yorùbá. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ọ débi pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, yóò kàn rẹ́rìn-ín, yóò sì máa nu àwo lọ. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láé. Inú mi ni gbogbo rẹ̀ máa ń dì sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Nínú fúláàtì wọn ní Barking Riverside, ó máa ń so orí òwú mọ́ irin bàkónì, á fi ọ̀já awọ gbá ìdí, á kúnlẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò sì fi fa òwú náà le. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, òun alára ni ẹ̀rọ. Ìyá ìyá mi hun kíjìpá, mo mọ irú ìrora ẹ̀yìn tó wà nínú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Zoe bá ṣe ń hun ún lọ ni yóò máa ki òwú aláwọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹyẹ olórí méjì yóò máa yọ lára aṣọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi abẹ́rẹ́ dá ọnà oòrùn yí ọrùn rẹ̀ ká, níbi tí orí yóò ti yọ. Ọ̀já mẹ́ta ló ń rán pọ̀ di ẹ̀wù kan. Yàtọ̀ sí ojú ọrùn, wọn kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ náà. Wípíìlì ni wọ́n ń pè é.

Ó ní wípíìlì púpọ̀. Èyí tó ń wọ̀ nínú ilé, ó máa ń yí inú rẹ̀ sóde kí oòrùn má baà pa àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò wọ̀ rí, tó ń hun díẹ̀díẹ̀ bí àyè bá ṣe gbà á. Mo bi í pé òde wo ló ń fi èyí pamọ́ fún. Ó ní kì í ṣe òde, ibojì ni. Ó ní nílùú àwọn, obìnrin tó bá mọ iṣẹ́ máa ń hun èyí tí wọn óò fi sin ín. Ó ní bí òun bá débẹ̀, ìyá òun àti ìyá ìyá òun á jáde wá pàdé òun, aṣọ yẹn ni wọ́n á sì fi dá òun mọ̀, torí ojú èèyàn á ti yí padà. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀sì tí òun máa wọ̀ lọ sọ́jà. Mo ní kó má sọ ọ̀rọ̀ ikú mọ́ lọ́jọ́ náà.

Fọlá wá ńkọ́? Ìyá Zoe wọ wípíìlì wá sí ìpàdé ilé kan nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Fọlá tajú kán rí ẹyẹ olórí méjì láyà rẹ̀, ló bá figbe ta. Ó ní aṣọ ẹlẹ́yẹ ni, pé àjẹ́ ti wọlé àwọn. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni gbogbo wa nínú ilé yẹn, nítorí náà ó ránṣẹ́ pe Wòlíì Sámúẹ́lì, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí ìyàwó tuntun lórí títí irun rẹ̀ fi rin gbingbin. Láti ọjọ́ yẹn, sùtánà funfun nìkan ni Ìyá Zoe ń wọ̀ jáde tí àwọn ará ilé bá wà níbẹ̀. Sylvanus jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, Ìyá Zoe kú. Àìsàn náà kò pẹ́ rárá. Ọjọ́ kejì ni Fọlá dé fúláàtì wọn pẹ̀lú Ghana-must-go, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀yìn ìsìnkú ni wọ́n ń pín aṣọ òkú, àwọn àgbà á jókòó, àwọn ọmọ á wà níbẹ̀. Fọlá náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó gbógun ti ẹni tó fọwọ́ kan ìborùn rẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n ti Mexico kò kàn án. Sylvanus ló ya ẹnu báàgì fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ olóògbé fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì ya ẹnu báàgì kí aṣọ ìyàwó rẹ̀ lè rọ́nà wọlé.

Ohun tó ń lé Fọlá sáré ni èyí. Gbọ̀ngàn àdúgbò kan nítòsí wọn fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ aṣọ tí ayé kò mọ̀, wọ́n sì ti pe Ìyá Zoe kó tó kú pé kó wá ṣàlàyé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ti ṣaláìsí, wọ́n ní bí ẹnì kan bá wà nínú ẹbí tó lè gbé aṣọ náà wá, kó wá. Ọ̀rẹ́ Fọlá kan wá sọ fún un pé nínú gíláàsì ni wọ́n ń tọ́jú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí láwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá, pé òyìnbó ń wọ́ lọ wò ó. Kíá, aṣọ ẹlẹ́yẹ di ogún ẹbí wa. Kíá, Fọlá di ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Zoe wá bá mi nílé. Ọmọ yẹn ti wú lójú, kò tíì jẹun láti àná. Ó ní èyí tí Mọ́mì ní kí wọ́n fi sin òun wà nínú báàgì tí Àǹtí Fọlá gbé lọ. Ó ní òun ti pè é lórí fóònù, Àǹtí Fọlá sì ní òun ò ní gbọ́ irú ìyẹn lẹ́nu ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Zoe ní Mọ́mì ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun rí àfi èyí, tí òun ò bá rí i ṣe, òun ò mọ bí òun ó ṣe gbé ayé. Mo ní kó lọ bọ́jú, mo wọ kóòtù mi.

Mo dé Marks Gate, níbi tí Fọlá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà A12. Mo kúnlẹ̀ bó ti yẹ. Wípíìlì náà wà lórí àga, wọ́n ti tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ti ki lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ góòlù bọ ibẹ̀. Fọlá ti gbé e fún Naheem telọ pé kó bá òun fẹ̀ ẹ́. Ìyá Zoe tẹ́ẹ́rẹ́, Fọlá kò tẹ́ẹ́rẹ́. Orí ló yọ wá tí Naheem kò fi gé aṣọ fúnra rẹ̀. Lẹ́ẹ̀sì yẹn ń dán yànrànyànràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yẹn, mo sì ń wò ó bí ẹni wo èébì.

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní Zoe ló rán mi, pé ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Fọlá ń wo fóònù rẹ̀.

"Funfun là ń wọ̀ fún òkú nínú ìjọ wa," ó ní. "Aṣọ tó rẹwà báyìí, kí ilẹ̀ wá jẹ ẹ́? Ṣé orí yín pé?"

Mo ní, "Ìbàdíàrán, aṣọ yẹn kì í ṣe aṣọ òde o. Ó nídìí tó fi hun ún."

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ẹnu mi ti ń gùn, pé àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń parí sí. Ó ní kí n lọ bá òun fọ àwọn abọ́ tó wà nínú síǹkì. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná ló wà nísàlẹ̀ wọn, mo fi irin ha á, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní kò burú. Ajá tí yóò sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Aṣọ tí wọ́n ní kí n má sọ ìdí rẹ̀, kó lọ wọ̀ ọ́, kí gbogbo ayé rí i lára rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo kúnlẹ̀ dágbére, mo sì wọ bọ́ọ̀sì padà sí Barking.

Lọ́sàn-án Sátidé, ọjọ́ àfihàn náà, mo lọ jókòó ní ìlà iwájú nínú gbọ̀ngàn náà. Mi ò jẹ́ kí Zoe wá. Fọlá jáde pẹ̀lú wípíìlì lọ́rùn, gèlè lórí, bàtà góòlù lẹ́sẹ̀ láti bá lẹ́ẹ̀sì mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo sì ń fetí sí irọ́. Ó ní láti Mexico ni aṣọ náà ti wá. Ó ní òun àti ìyàwó òun jọ hun ún ni, pé alaalẹ́ làwọn máa ń jókòó sídìí rẹ̀. Fọlá tí kò lè rán bọ́tìnnì. Ó ní ẹyẹ olórí méjì dúró fún àlàáfíà láàárín èèyàn dúdú àti funfun. Àwọn òyìnbó tó jókòó ń mi orí, ọ̀kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíì ń nu omijé. Mo wò wọ́n, mo ní ẹ̀yin náà, ohunkóhun tí wọ́n bá fi gèlè dé lẹ ó gbà gbọ́.

Obìnrin kan wá béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń wọ irú èyí. Fọlá ní ọjọ́ ayẹyẹ ni, bí wọ́n bá fẹ́ dé ọbabìnrin ládé.

Mo dìde. Mo lọ síwájú, mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, ìkúnlẹ̀ tó mọ́ ṣáká. Fọlá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé mo wá yẹ́ òun sí lójú òyìnbó. Mo rọra bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá.

"Aṣọ òkú ni, Ìbàdíàrán. Ìyá Zoe hun ún fún ibojì ara rẹ̀. Àwọn ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń bọ̀ wá pàdé ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Aṣọ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wojú."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rín in mọ́. Ó bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní olóògbé ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, pé mo sì ti fẹ́ sọ fún un ní Marks Gate, abọ́ ló ní kí n lọ fọ̀. Ó wo ẹyẹ tó wà láyà rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó sọ fún àwọn èèyàn pé òun ń bọ̀, ó sì yára gba ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Mo tẹ̀lé e, mo bá a gbé báàgì.

Ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì, tí kò ní síìpù, orí ni wọ́n ń gbà bọ́ ọ. Fọlá gbàgbé pé gèlè wà lórí òun. Ó fa wípíìlì sókè, ó há mọ́ gèlè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, lẹ́ẹ̀sì fún un lápá, kò sì ríran. Láti inú aṣọ náà ni mo ti ń gbọ́ Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún, ó ń kà á ṣe wéré, ó ń fo ẹsẹ. Ó ní kí n fà á, kí n tètè fà á. Èmi ń rọra fà á. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni, mi ò fẹ́ kó ya. Kí n má purọ́, mi ò tún kánjú.

Nígbà tó jáde, ó jù ú sí mi bí ẹni ju ejò. Ó dúró nínú ṣẹ́mí tó wọ̀ sábẹ́ aṣọ, ó ní ṣé wọ́n ti rí òun báyìí, kí ni òun máa ṣe, ṣé kí òun fi omi àdúrà wẹ̀. Mo ní omi kò ràn án. Mo ní ohun kan ṣoṣo tó lè pa á rẹ́ ni kí ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́ wọlẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ rí ẹni tí wọ́n ń wá. Ìyẹn kò sí nínú ohun tí Ìyá Zoe sọ fún mi o. Èmi ni mo fi ata sí i. Fọlá wọ kóòtù mọ́ ṣẹ́mí rẹ̀, ó bá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Èmi àti Zoe jókòó nílé mi, a tú lẹ́ẹ̀sì yẹn kúrò, Zoe sì fi ọwọ́ rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà padà bí ìyá rẹ̀ ṣe rán an. Ó bi mí bí mo ṣe rí i gbà. Mo ní mo bẹ Àǹtí Fọlá ni. Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwa méjèèjì la wọ̀ ọ́ fún Ìyá Zoe. Orí rẹ̀ yọ láàárín oòrùn yẹn, ẹyẹ wà láyà rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo bínú dípò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń bínú dípò rẹ̀.

Nínú ilé àdúrà ibi ìsìnkú, àwọn ọmọ ìjọ tò lọ wò ó kí wọ́n tó dé pósí. Kùn-ùn-kùn-ùn bẹ̀rẹ̀. Wòlíì Sámúẹ́lì sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó kọjú sí wa. Ó ní ta ló wọ aláwọ̀ mèremère fún ọmọ ìjọ, pé funfun ni òfin, pé kí àwọn obìnrin fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà lára rẹ̀. Sylvanus wo bàtà rẹ̀. Zoe di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó ilé níwájú Wòlíì? Ohùn Fọlá la jọ gbọ́ láti ẹ̀yìn, níbi tó dúró sí, tí kò jẹ́ sún mọ́ pósí.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ lára rẹ̀," ó ní. "Òun ló hun ún, òun ló ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má bọ́ ọ. Ẹ dé e, Bàbá, ẹ dé e báyìí."

Ó fi ọwọ́ bojú. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ni, wọ́n ń sọ pé ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó. Wòlíì mọ ẹni tó ń sanwó orí òrùlé ìjọ, ó ṣẹ́wọ́ pé kí wọ́n dé e. Wọ́n dé pósí.

Zoe fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó la àárín èrò kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ Fọlá, ó dì í mú nídìí, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Fọlá wò mí lókè orí ọmọ náà. Mo rò pé ojú á tì í. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Zoe, ó ń fọwọ́ lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi," ó ní. "Ṣé mo wá lè fi ìyá rẹ sílẹ̀ ni?"

Zoe yíjú sí mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ojú ọmọ yẹn rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ rí i? Wọ́n nífẹ̀ẹ́ Mọ́mì."

Gèlè, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Sáàmù, ṣẹ́mí, gbogbo rẹ̀ pé sórí ahọ́n mi, ó ń ta mí bí ata. Fọlá ń wò mí, ó ń dúró de ohun tí n ó sọ. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."